Àṣìṣe tá à ń ṣe nígbà tọ́mọ sẹ́kọ́ńdìrì bá ní ayé sú òun

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe kánsẹ́lọ̀ nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, Ìlọrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀fà ni mo wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan tún wọlé tọ̀ mí wá, ó ní kí n bá òun bá ọmọ òun wí, pé ọ̀rọ̀ ikú ni ọmọ ń sọ ṣáá, ó kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n ni. Ó ti sú mi, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde.

Èkíní, ẹ má sọ pé eré ló ń ṣe. Ọmọ tó bá ní "kí n tiẹ̀ kú kí gbogbo yín sinmi" ń sọ nǹkan tó ń ṣe é. Nínú ìṣirò WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fún ọdún 2021, láàárín àwọn tó jẹ́ ọdún 15 sí 29 lágbàáyé, pípa ara ẹni ló ṣìkẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù.

Èkejì, àìbéèrè. Ẹ̀rù ń bà wá pé tá a bá dárúkọ ẹ̀, a ti kọ́ ọmọ ní ohun tí ò mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìbéèrè kì í ti ọmọ sí i, ṣe ló máa ń jẹ́ kó rí ibi sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ sojú abẹ níkòó: "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o pa ara ẹ?" Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́ kó dáhùn.

Èmi náà ò béèrè nígbà kan. Ọmọkùnrin SS2 kan, ọmọ jẹ́jẹ́, ló dédé ń pín ẹrù ẹ̀. Ó gbé mathset fún ẹnì kan, ó gbé kalikulétọ̀ ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó ti fi ẹnu kọ́ńpáàsì họ orúkọ ara ẹ̀ sẹ́yìn kalikulétọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ó wá fi bírò pupa pa orúkọ náà rẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Mo rí pupa yẹn. Mo gba kalikulétọ̀, mo pè é, mo ní ṣé o mọ iye tí wọ́n rà á ni, mo sì ní kó padà sí kíláàsì. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n sáré gbé e lọ sọ́sípítù. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọ tó ń pín ẹrù ẹ̀, tí ò sùn mọ́, tí ò dá sí ẹnikẹ́ni mọ́, tó ń dágbére láìrìnrìnàjò, ẹ bi í. Tí inú ẹ̀ bá sì ti ń bàjẹ́ tipẹ́, tó wá tutù pẹ̀sẹ̀ lójijì, ẹ má tíì sọ pé ó ti tán o.

Ẹ̀kẹta, ẹ má bá a mulẹ̀ pé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan.

Ẹ̀kẹrin, ẹgba. Rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù ló kàn. Nígbà tí wọ́n dá ọmọ yẹn sílẹ̀, dókítà kọ̀wé fún ìyá ẹ̀ pé kó gbé e lọ sí UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí wọ́n ń pè ní Behavioural Sciences, ìyẹn ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ìyá ò lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀mí kan ló ń lé ọmọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé e kiri, láti ọ̀dọ̀ Àfáà kan sí òmíì, láti ibẹ̀ bọ́ sí ilé àdúà lórí òkè, aláàwẹ̀ ọjọ́ méje, aláàwẹ̀ mọ́kànlélógún, ebi ń pa ọmọ tí ò rí oorun sùn tẹ́lẹ̀. Ó ta fírísà tó fi ń ta mínírà lọ́jà Òwódé. Mo bá a nísọ̀, kúlà kan pẹ̀lú yìnyín tó ti ń yọ́ ló kù níwájú ẹ̀, mo ní ìyá wa, kí ló dé tẹ́ ò lọ, ó ní "Àǹtí, wọ́n á ní ọmọ mi ń ya wèrè." Ẹ gbọ́, èmi náà ń kírun, mo sì mọ̀ pé àdúà ń gbà. Àmọ́ tí eegun ọmọ bá kán, a máa ń ṣàdúà, a sì máa ń to eegun. Òfin pàápàá ti kúrò níbi wèrè yẹn, òfin ìlera ọpọlọ tí Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 ló rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú.

Tí wọ́n bá sì fún un lóògùn, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín torí pé ó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì máa ṣọ́ ọ dáadáa níbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ńkọ́? A máa ń sọ ọ́ lójú ọmọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, lẹ́yìn náà a ó na rísọ́ọ̀tì sókè pé ó ti kó ẹ̀sín bá wa. Ẹ má pa òwe yẹn nílé tọ́mọ ń retí WAEC tàbí JAMB. Máàkì yẹn gan-an lè má tọ́, lọ́dún 2025 JAMB fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àṣìṣe wà nínú tàwọn ibùdó kan l'Ékòó àti nílẹ̀ Ìgbò, àwọn ọmọ tó fẹ́ẹ̀ tó 380,000 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe.

Oògùn eku, oògùn tá à ń fín sóko, oògùn tí Màmá àgbà ń lò, ẹ tì í pa tàbí kẹ́ ẹ kó o kúrò nílé. Ìgbà tó máa ń le jù kì í sábà pẹ́, tọ́mọ ò bá rí nǹkan nítòsí, ó lè rékọjá. Ẹ má sì dá a fi sílẹ̀ lákòókò yẹn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má dárúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lásẹ́ńbílì. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run ò ní dárí jì í.

Ọmọ SS2 yẹn ti ń lọ UITH báyìí. Gbogbo Friday ló máa ń yà lọ́dọ̀ mi kó tó lọ kírun, ìbéèrè yẹn kan náà ni mo máa ń bi í. Ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń ní "rárá, mà." Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó ní "díẹ̀, mà," mo pe ìyá ẹ̀, a sì jọ wọ mọ́tò Ìlọrin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.