Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àwòrán sákíìtì: ẹ má tíì sanwó bọ́ọ̀dù yẹn

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó tí wọ́n fi ìyà kó jọ pàṣẹ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń to ẹ̀yà iná sí bí àwòrán sákíìtì wọn ṣe wí, láti Ṣáínà. Ó dé tán, wọ́n tan iná sí i, èéfín sọ. Àìsàn náà ti wà nínú àwòrán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Èkíní: ẹ má rò pé àwòrán ti pé nítorí pé ERC (ohun tó ń yẹ àṣìṣe ìsopọ̀ wò) inú KiCad, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya sákíìtì, kò bá yín wí. Ó lè rí ẹsẹ̀ (irin kékeré ara ẹ̀yà) tí wọn kò so mọ́ nǹkan kan. Kò lè mọ̀ pé réjísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) 10 ohm lẹ fi sí ibi tí 10 kilo-ohm yẹ kó wà.

Èkejì: ẹ má so TX (ẹsẹ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́) mọ́ TX. RX (ẹsẹ̀ tó ń gba ọ̀rọ̀) ẹ̀rọ kejì ni TX ń lọ bá.

Ẹ̀kẹta ni regulator, ẹ̀yà tó ń sọ iná di ìwọ̀n kan pàtó, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù. 7805 ni gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́: iná wọlé ní ẹsẹ̀ kìíní, ground (ojú òdo tí iná ń gbà padà) ní èkejì, 5 V jáde ní ẹ̀kẹta, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ground. Àwọn ọ̀dọ́ yìí wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo regulator ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rí. Rárá o! AMS1117 fi ground sí ẹsẹ̀ kìíní, iná ń jáde ní èkejì, ó ń wọlé ní ẹ̀kẹta, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì so mọ́ ibi tí iná ń gbà jáde. Ti 7905 tún yàtọ̀: ground, ìwọlé, ìjáde, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ìwọlé.

Ọmọkùnrin kan láti Ṣágámù gbé bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin adìyẹ wá bá mi. Ó to AMS1117 bíi 7805: 5 V lọ bá ẹsẹ̀ ground, ground lọ bá ẹsẹ̀ ìjáde. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Mo ní kó ṣí datasheet, ìwé àlàyé tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, fún mi, kò ní in. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí bákan náà ni gbogbo wọn?" Gbogbo bọ́ọ̀dù tó pàṣẹ ló di pàǹtírí. Ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ sì ti kó ẹyin jọ de ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹyin kì í dúró de èèyàn.

Transistor, ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń ṣí iná tó sì ń tì í, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọjú sí ibi pẹlẹbẹ 2N3904, láti òsì, orúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni: emitter, base, collector. Ti BC547 yí padà: collector, base, emitter. Ẹ fi nọ́ńbà ẹsẹ̀ inú àwòrán wé ti footprint (ojú ibi tí ẹ̀yà máa jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù), kí ẹ tún fi méjèèjì wé datasheet.

Ríleè (súìsì tí òòfà iná ń ṣí) láìsí dáyódù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ẹ ń wá ikú transistor tó ń darí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má fi 3.3 V láti ara ESP32 (chip kọ̀ǹpútà kékeré) ṣí IRFZ44N, transistor oníná ńlá. 10 V ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Ẹ má sì fi ohunkóhun fa GPIO12, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ESP32, sókè sí 3.3 V nígbà tó bá ń jí, kò ní jí dáadáa. Kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀) 100 nF lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iná chip kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣahun rẹ̀. I2C, ọ̀nà tí àwọn chip fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì, ń fẹ́ réjísítọ̀ tó fa wáyà méjèèjì, SDA àti SCL, sókè, 4.7 kilo-ohm sábà máa ń tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ àwòrán náà sórí bébà, kí ẹ fi bíírò pupa tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Ẹ pe ẹlòmíràn tí kò bá yín yà á, kó máa nàka sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó máa bi yín pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rí èsì rẹ̀ fọ̀, ẹ padà sídìí datasheet rẹ̀.