Bí mo ṣe yan táyà mẹ́rin fún píkọ́ọ̀pù wa ní Kétu

Iṣu la kó bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Ìlárá wá sí ọjà Kétu ní ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún bẹ́. Eré tí à ń sá kò pọ̀, Ọlọ́run sì yọ wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó ti ya, mo rí i pé kì í ṣe ìṣó ló gún un: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ yíká, bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ ṣì ga dáadáa. Eyín yẹn ni mo ti ń wò tẹ́lẹ̀ tí mo fi ń sọ pé táyà náà ṣì lágbára.

Kí n tó lọ ra òmíràn, mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀, mo sì fi wé ohun tó wà lára táyà àtijọ́: 265/65R17 112S. Ìbú táyà ní mìlímítà ni 265; gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni 65, ìyẹn ìdá 65 nínú 100 ìbú náà; 17 sì ni ínṣì irin jáńtì tó gbé e wọ̀. 112 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà, òun sì ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé òun ló ń sọ ẹrù tí táyà kan lè rù: 1120 kílò. Ní ti S, eré tí kò gbọdọ̀ kọjá 180 kìlómítà ní wákàtí kan ló dúró fún.

Àjàṣẹ́ ni mo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́kọ́ bá gbé 225/65R17 102H wá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, jáńtì 17 kan náà ni, yóò wọ̀ ọ́, owó rẹ̀ sì dín.” Yóò wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n 850 kílò ni 102 túmọ̀ sí, táyà kọ̀ọ̀kan yóò fi 270 kílò dín sí ohun tí ọkọ̀ wa ń fẹ́. Mo dúpẹ́, mo kọjá.

Ẹnì kejì ní ìwọ̀n tí mo ń wá, àlòkù láti ìlú òyìnbó, tó ń dán gbinrin nítorí òróró tí wọ́n fi pa á. Mo fi àkísà nù ún, mo wá lẹ́tà DOT àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí táyà, méjì fún ọ̀sẹ̀, méjì fún ọdún. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí náà ẹ yí táyà wò níhà méjèèjì. 3814 ló wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún 2014. Mo fi èékánná tẹ ìdí eyín rẹ̀, ó le bí igbá, ó sì ti sán tín-ín-rín bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀dá. Rọ́bà ń gbó níbi tó gbé wà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gùn ún. Ohun tó pa táyà wa gan-an nìyẹn.

Níbi kẹta ni mo ti rí tuntun, 1424, tó gba 112. Èyí tí wọ́n ń pè ní A/T, táyà oríṣiríṣi ilẹ̀, ni mo mú, torí pé ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa oko la jọ ń rìn. M/T, táyà ẹrẹ̀ tó ní eyín ńláńlá, ìbá tètè jẹ lórí ọ̀dà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo rà. Owó náà wúwo, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó kù jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó bẹ́.

Wọ́n fi fáàfù tuntun sí i, wọ́n ṣe bálánsì rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fẹ́ ẹ dé iye afẹ́fẹ́ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, kì í ṣe iye tó wà lára táyà, nítorí pé ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Nígbà tí mo dé Kétu mo tún mú sípánà, nọ́ọ̀tì méjì sì tún gba ìyípo díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a lọ kó iṣu tó kù.