Bí Mo Ṣe Tọpa Owó Sáyẹ́ǹsì Ìjọba Àpapọ̀ Dé Louisiana

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, a rí i nínú ètò ìsúná tí ilé iṣẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà gbé síwájú àwọn aṣòfin pé wọ́n fẹ́ gé ju ìdajì kúrò nínú owó NSF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì. LIGO, iṣẹ́ ìwádìí tí NSF ń náwó sí láti wá ìgbì òòfà (gravitational wave) tó ń ti òfuurufú wá, ní ibùdó méjì, wọ́n sì ní kó máa fi ẹyọ kan ṣiṣẹ́, kí owó rẹ̀ lọ sílẹ̀ láti mílíọ̀nù 48 dọ́là sí mílíọ̀nù 29. Ọ̀kan nínú ibùdó méjèèjì wà ní Livingston, kò jìnnà sí Baton Rouge níbi tí mò ń gbé. Àwọn ọmọ mi ti bá ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ síbẹ̀. Mo pinnu láti kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà ń ṣe ní ìpínlẹ̀ wa, kí ọ̀rọ̀ mi lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

NSF ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Award Search. Owó ìwádìí tí wọ́n fún àwọn yunifásítì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo yan Louisiana, mo ní kó kó kìkì àwọn iṣẹ́ tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ jáde. Orúkọ iṣẹ́ á yọ, orúkọ olùwádìí, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, iye owó, àti àlàyé ráńpẹ́ nípa ohun tó fẹ́ ṣe. Àlàyé yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí iye owó nìkan kò lè sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ rà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel, mo sì ya àwọn tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀.

Orúkọ ètò NSF méjì wà tó yẹ kí òbí mọ̀. Àkọ́kọ́ ni Noyce. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ìṣirò, tó sì fẹ́ di olùkọ́, lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ gbà níbẹ̀. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá fi gba owó, yóò fi ọdún méjì kọ́ni ní agbègbè tí nǹkan kò ti ṣẹnuure. Èkejì ni REU, tó ń mú ọmọ yunifásítì tí kò tíì gboyè wọ ilé ìwádìí ní ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọn á sì sanwó fún un. Ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní green card ni wọ́n ń gbà. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kó tó lè padà sílé ẹ̀kọ́ kò lè lọ ṣe ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́. Owó yẹn ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un. Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo tún pàdé EPSCoR lọ́pọ̀ ìgbà, ètò tó wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí kì í rí owó ìwádìí púpọ̀ gbà. Ní 1979 ni NSF bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìpínlẹ̀ díẹ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìwádìí lọ. Louisiana wà lára àwọn tí ètò náà wà fún.

Ṣùgbọ́n owó tó gbé LIGO dúró kò sí nínú àkójọ Louisiana. Yunifásítì méjì, Caltech ní California àti MIT ní Massachusetts, ló ń darí LIGO, Caltech ló sì ń gba owó náà lọ́wọ́ NSF, nítorí náà abẹ́ California ni ó wà. Síbẹ̀, àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Livingston ń gbé níbí, ibí ni wọ́n ti ń ra ilé, tí ọmọ wọn sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ má fi orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan wá irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ fi orúkọ ibùdó náà gan-an wá a.

Ìtàn LIGO ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà mi sọ. Apá méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà 4, iná lésà sì ń lọ ń bọ̀ nínú wọn. Bí ìgbì òòfà bá ti òfuurufú kọjá, apá kan á gùn sí i, èkejì á kúrú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré púpọ̀púpọ̀ ju proton inú átọ̀mù lọ. Ní 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé ní Livingston. Láti 2002 títí di 2010 ni wọ́n fi tẹ́tí, tí wọn kò gbọ́ ohunkóhun. Àwọn agégẹdú nínú igbó tó yí ibẹ̀ ká ń mi ilẹ̀ débi pé iṣẹ́ ojúmọmọ di ìṣòro, títí wọ́n fi ṣe ohun èlò tó ń pa ìmìtìtì náà. Ìjọba kò pa wọ́n tì. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2015, ìgbì láti ọ̀dọ̀ ihò dúdú (black hole) méjì tó kọlu ara wọn dé Livingston. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan, kódà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tó fi dé ibùdó kejì ní Hanford, ìpínlẹ̀ Washington. Gabriela González, ọ̀jọ̀gbọ́n ní LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana ní Baton Rouge níbí, ni agbẹnusọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù kejì 2016. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀lé e ní 2017.

Oníṣòwò wo ni yóò náwó sí ohun tí kò mú nǹkan kan wálé fún irú ọdún wọ̀nyẹn? Mi ò mọ ọ̀kan. Owó ìlú nìkan ló lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Mo ṣàlàyé ìdí tí ibùdó kan kò fi tó. Ọkọ̀ tó kọjá, ìjì, igi tó wó, gbogbo wọn lè mi ẹ̀rọ kan. Bí ohun kan náà bá hàn ní Louisiana àti ní Washington, tó jìnnà síra wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà, nígbà náà ni wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òfuurufú ló ti wá. Ìyàtọ̀ àkókò tó fi dé ibùdó méjèèjì náà ló ń tọ́ka sí apá ibi tó ti wá. Bí ẹ bá ti ọ̀kan pa, iṣẹ́ èkejì ti bàjẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà nínú ọgbà Livingston, owó NSF ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Southern University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1880 láti máa kọ́ àwọn ènìyàn dúdú, wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Àwọn olùkọ́ ń lọ kọ́ bí wọn yóò ṣe kọ́ni níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi ọwọ́ ara wọn gbá ìgbì jọ nínú omi. Ọmọbìnrin mi ló ṣàlàyé fún mi bí ìmọ́lẹ̀ méjì ṣe lè pa ara wọn rẹ́, kí ibi tí wọ́n ti pàdé sì ṣókùnkùn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ ọ.

Ti ìṣègùn, NIH, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, ni kí ẹ wò, RePORTER ni orúkọ àkójọ tiwọn. Èyí kàn wá gan-an, àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Pennington, ilé ìwádìí ní Baton Rouge, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìdánwò oúnjẹ DASH tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe é, ó sì fi hàn pé èso, ẹ̀fọ́ àti wàrà tí kò lọ́ràá púpọ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú ló ju ìdajì lọ nínú àwọn tó kópa. Dókítà tó bá ní kí ẹ jẹ ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ dín ọ̀rá kù, ìwádìí bí èyí ló ń gbára lé.

Ojú ìwé kan ni lẹ́tà náà. Fọ́ọ̀mù aṣojú wa máa ń béèrè zip code, nítorí àwọn tó wà ní agbègbè rẹ̀ ló fẹ́ dá lóhùn. Mo béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ibùdó méjèèjì máa ṣiṣẹ́, kí owó wọn má sì dín kù. Mo kọ nọ́ńbà tí NSF fi ń dá owó Caltech náà mọ̀ nínú Award Search síbẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Àkójọ inú Excel náà wà lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa báyìí. Ẹni tó bá wà ní Texas tàbí Maryland, orúkọ ìpínlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà kó wá orúkọ ibùdó tó bá wà nítòsí rẹ̀.