Bí mo ṣe to tábìlì Champions League 1994/95 láti orí èsì eré nìkan

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú ni pé kí n kọ èsì Champions League sáà 1994/95 sínú Google Sheets, kí fọ́múlà to ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, kí n sì tẹ̀ lé e dé àṣekágbá láì wo tábìlì ẹnikẹ́ni. Sáà tí Ajax gba ife mọ́ Milan lọ́wọ́ ni, tí Finidi George àti Kanu Nwankwo wà lára wọn. Àmọ́ òfin sáà yẹn gan-an ló mú mi yàn án. Pọ́íntì 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí, kì í ṣe 3. Wọ́n yọ pọ́íntì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan láàárín sáà. Góòlù tí ẹgbẹ́ bá gbá lóde sì lè gbé e kọjá. Ẹni tó bá gbé tábìlì òde òní lé e lórí, èsì tó máa rí kò ní í jẹ́ tòótọ́.

Kí n tó tẹ nọ́ńbà kankan, mo kọ́kọ́ ka iye eré tó yẹ kó wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ 24 ló wọ ìdíje náà. Nígbà yẹn, ẹni tó gba líìgì orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Milan tó ní ife lọ́wọ́ náà ló gba líìgì Ítálì. Mẹ́jọ lọ tààrà sí ìsọ̀rí, 16 yòókù figa gbága nílé àti lóde láti wá mẹ́jọ mìíràn. Mo fi eré ìpele ìṣáájú yẹn sílẹ̀. Ohun tó kù ni ìsọ̀rí mẹ́rin, eré 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 48. Ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ, eré 8. Ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin, eré 4. Àṣekágbá, eré 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61. Tí ìlà tí mo bá kọ kò bá pé 61, nǹkan ti sọnù.

Ojú ìwé méjì ni mo ṣí. Mo pe àkọ́kọ́ ní Ere, láìsí àmì ohùn, kí orúkọ rẹ̀ má baà fún mi ní wàhálà nínú fọ́múlà. Òpó A ni ọjọ́, B ni ìpele, C ni ìsọ̀rí, D ni onílé, E ni àlejò, F ni góòlù onílé, G ni góòlù àlejò, H ni pápá ìṣeré. Eré ìsọ̀rí wà láti ìlà 2 dé 49, ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ láti 50 dé 62.

Ẹ má ṣe kọ èsì méjèèjì sínú àpótí kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tẹ 2-1, kọ̀ǹpútà á rò pé ọjọ́ ni, á sì sọ ọ́ di ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní tàbí oṣù kejì. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé 4-0 kò ní í yí padà, nítorí kò sí ọjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdajì èsì yín á wà bó ṣe wà, ìdajì á ti di ọjọ́, fọ́múlà kò sì ní í ráhùn. Òpó méjì ló tọ́.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ń fa ìjàngbọ̀n. Lójú fọ́múlà, «Göteborg» àti «Goteborg» lè jẹ́ ẹgbẹ́ méjì. Àyè kékeré tí ọwọ́ ṣèèṣì tẹ̀ lẹ́yìn «Milan » máa sọ Milan di àjèjì. Mo kọ orúkọ 16 sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì fi wọ́n ṣe àṣàyàn tó ń já wálẹ̀ nínú òpó D àti E, kó má sí pé mo ń tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo fi COUNTIF, fọ́múlà tó ń ka iye ìgbà tí orúkọ kan fara hàn, yẹ̀ ẹ́ wò: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ onílé lẹ́ẹ̀mẹta, àlejò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 4 sí 2, ẹ ti gbé onílé sípò àlejò níbì kan.

Ọjọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń kọ eré Ajax tán kó tó kọ ti Milan máa kọ eré àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́rú mẹ́fà ni wọ́n fi gbá eré ìsọ̀rí: ọjọ́ 14 àti 28 oṣù kẹsàn-án, 19 oṣù kẹwàá, 2 àti 23 oṣù kọkànlá, 7 oṣù kejìlá ọdún 1994. Eré mẹ́jọ ló wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ojú ìwé kejì ni tábìlì. A ni ẹgbẹ́, B ni iye eré, C ni borí, D ni ọ̀mì, E ni pàdánù, F ni góòlù tí wọ́n gbá, G ni góòlù tí wọ́n gbá sí wọn, H ni ìyàtọ̀, I ni ìjìyà, J ni pọ́íntì. Fọ́múlà fún borí nìyí:

=SUMPRODUCT((Ere!$D$2:$D$49=$A2)*(Ere!$F$2:$F$49>Ere!$G$2:$G$49))+SUMPRODUCT((Ere!$E$2:$E$49=$A2)*(Ere!$G$2:$G$49>Ere!$F$2:$F$49))

Ti pàdánù, ẹ kàn yí àmì > sí <. Ti ọ̀mì ló fẹ́ ìṣọ́ra, torí àpótí òfìfo àti àpótí òfìfo dọ́gba lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo eré tí ẹ kò tíì kọ èsì rẹ̀ ló máa kà sí ọ̀mì, ẹgbẹ́ tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan á sì ti ní pọ́íntì 6. Ohun tó wà ní ìparí ìlà yìí ló ń dí i lọ́wọ́:

=SUMPRODUCT(((Ere!$D$2:$D$49=$A2)+(Ere!$E$2:$E$49=$A2))*(Ere!$F$2:$F$49=Ere!$G$2:$G$49)*(Ere!$F$2:$F$49<>""))

Góòlù rọrùn: SUMIF, tó ń ro nọ́ńbà ìlà tó bá orúkọ kan mu pọ̀, fún ìgbà tí wọ́n jẹ́ onílé, SUMIF mìíràn fún ìgbà tí wọ́n jẹ́ àlejò, ẹ ro wọ́n pọ̀. Bí Sheets yín bá wà lórí ètò Faransé, bí ó ti sábà máa ń rí fún àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àmì «;» ni ẹ ó fi pín inú SUMIF, kì í ṣe kọ́mà.

Ó wá kan pọ́íntì. Mo kọ 2 sínú àpótí M1, fọ́múlà pọ́íntì sì di =C2*$M$1+D2-I2. Ẹ má fi 2 náà pamọ́ sínú fọ́múlà, nítorí ẹ máa fẹ́ yí i padà lọ́jọ́ mìíràn. Pọ́íntì 2 yìí tún fún wa ní àyẹ̀wò kan tó dára púpọ̀. Eré tẹ́nì kan borí pín 2, eré ọ̀mì náà pín 2. Eré 12 gbọ́dọ̀ pín 24 nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí èsì rí. Pẹ̀lú pọ́íntì 3, àyẹ̀wò yìí kò sí, torí ọ̀mì ń jẹ pọ́íntì 1 gbé.

Ìsọ̀rí A fún mi ní Göteborg 9, Barcelona 6, Manchester United 6, Galatasaray 3. Ó pé 24. Ìsọ̀rí B: Paris Saint-Germain 12, wọ́n borí eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bayern 6, Spartak Moscow 4, Dynamo Kyiv 2. Ó pé. Ìsọ̀rí C: Benfica 9, Hajduk Split 6, Steaua 5, Anderlecht 4. Ó pé. Ìsọ̀rí D: Ajax 10, Milan 5, Salzburg 5, AEK 2. Ìyẹn 22, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Pọ́íntì 2 tó kù díẹ̀ káàtó ni ìjìyà Milan. Nígbà tí Salzburg wá bá wọn ní San Siro lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ìgò kan fò láti ọ̀dọ̀ òǹwòran, ó ba aṣọ́lé Salzburg, Otto Konrad. Milan borí 3–0. UEFA fi èsì náà sílẹ̀, wọ́n yọ pọ́íntì 2, wọ́n sì ní kí Milan lọ gba àlejò eré méjì níbòmíràn. Trieste ni wọ́n lọ. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á sọ eré 3–0 yẹn di òfo, tàbí wọ́n á dín iye ìgbà tí Milan borí kù. Góòlù mẹ́ta yóò bá a lọ, àkọsílẹ̀ Salzburg náà yóò dàrú. Àyè ìjìyà ni òpó I. Ẹ kọ 2 síbẹ̀ fún Milan, ẹ jẹ́ kí eré wà bó ṣe wà. Ẹ má sì jẹ́ kí Trieste tàn yín: Milan ni onílé níbẹ̀, bí Salzburg ṣe jẹ́ onílé ní Vienna níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ìdíje yìí. Ìdí tí òpó H fi dá dúró nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá dùn fún mi ni pé ẹ lè fi tábìlì náà dúró ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹ pa ìlà ọjọ́ 7 oṣù kejìlá rẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Salzburg ní 5, Milan tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú ní 3. Ọ̀mì kan péré ló kù fún Salzburg kí wọ́n lé Milan jáde. Milan lọ gbá 1–0 ní Vienna, Daniele Massaro ló jẹ ẹ́, àwọn méjèèjì sì dọ́gba lórí 5. Ẹ wá kọ 3 sínú M1: Ajax 14, Milan 8, Salzburg 6, AEK 2. Ipò kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdọ́gba ti lọ.

Fún àwọn tó dọ́gba, mo ṣe ìṣirò eré àárín àwọn méjèèjì nìkan. Fún góòlù tí Milan gbá sí Salzburg:

=SUMIFS(Ere!$F$2:$F$49,Ere!$D$2:$D$49,"Milan",Ere!$E$2:$E$49,"Salzburg")+SUMIFS(Ere!$G$2:$G$49,Ere!$D$2:$D$49,"Salzburg",Ere!$E$2:$E$49,"Milan")

Ó mú 4 jáde. Ẹ yí orúkọ padà, ó mú 0. Barcelona àti Manchester United jẹ́ 6 sí 2, láti inú 2–2 ní Old Trafford àti 4–0 ní Barcelona. Mo fi ìyàtọ̀ góòlù gbogbo ìsọ̀rí yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú: Milan +1, Salzburg −2, Barcelona +3, United 0. Ọ̀nà méjèèjì bára mu ní sáà yìí. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà ẹni tó bá fi SORT to ìyàtọ̀ góòlù nìkan kàn rìn nínú oríire ni.

Ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ kò gba àkókò. Mo ro góòlù ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo sì fi IF kún un: bí àpapọ̀ bá dọ́gba, kó wo góòlù òde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni IF yìí ṣiṣẹ́: Bayern 0–0 Göteborg ní Munich, 2–2 ní Sweden, Bayern kọjá. Àwọn yòókù hàn gbangba. Ajax gbá 0–0 ní Split, wọ́n gbá 3–0 nílé. Milan lu Benfica 2–0, lẹ́yìn náà 0–0. Barcelona 1–1 PSG, PSG 2–1 Barcelona. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Bayern àti Ajax ta ọ̀mì 0–0, Ajax wá fi 5–2 fọ́ wọn ní Amsterdam, Finidi jẹ ọ̀kan nínú márùn-ún náà. Milan sì na PSG 1–0 àti 2–0.

Àṣekágbá wáyé ní Ernst-Happel-Stadion, Vienna, ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1995. Kò sí onílé níbẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí IF góòlù òde dé ìlà 62. Finidi bẹ̀rẹ̀ eré, Kanu wọlé rọ́pò Seedorf ní ìṣẹ́jú 53, Kluivert rọ́pò Litmanen ní ìṣẹ́jú 70, ó sì jẹ góòlù kan ṣoṣo náà ní ìṣẹ́jú 85. Ẹ fa àkọsílẹ̀ Ajax jáde láti ìlà 2 dé 62: eré 11, borí 7, ọ̀mì 4, góòlù 18 sí 4. Ẹ fi Milan ṣe àlàyé síwájú sí i: ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ajax pàdé wọn, 2–0, 2–0, 1–0. Milan tó na Barcelona 4–0 ní àṣekágbá 1994 kò rí àwọ̀n Ajax lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá fẹ́ kún un pẹ̀lú ẹni tó gbá góòlù jù, ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá ìpele ìṣáájú wà nínú ìkà yín, torí ibẹ̀ ni iye tó yàtọ̀ síra ti máa ń wá. Láìsí i, George Weah ti PSG ní 7, Jari Litmanen 6. Mo tún fi òpó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, nítorí Ajax nìkan kọ́: Celestine Babayaro gbá bọ́ọ̀lù fún Anderlecht nígbà tí wọ́n ta ọ̀mì 1–1 nílé Steaua lọ́jọ́ 23 oṣù kọkànlá, ọmọ ọdún 16 ni. Kò sí ẹni tó kéré jù ú lọ nínú Champions League títí di 2020.

Àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn: góòlù ìsọ̀rí A jẹ́ 35, B 33, C 25, D 22, ìyẹn 115 nínú eré 48. Ìpele tó tẹ̀ lé e ní 25. Àpapọ̀ 140 nínú eré 61. Bí òpó F àti G yín bá ròpọ̀ di nǹkan mìíràn, ẹ padà sí òpó COUNTIF kí ẹ tó wá àṣìṣe nínú fọ́múlà.

Ìwé kan náà máa ṣiṣẹ́ fún 1995/96, torí ìsọ̀rí mẹ́rin ti ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin ṣì ni. Ẹ kọ 3 sínú M1, ẹ nu òpó I, ẹ yí orúkọ 16 náà padà. Láti 2021/22, ẹ yọ IF góòlù òde kúrò. Ti 2024/25 ni kò ní í bá a mu, nítorí tábìlì kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ 36 ni, eré 8 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. COUNTIF yín á di onílé mẹ́rin àti àlejò mẹ́rin, ìlà eré á sì gùn dé 145.