Páàkì kọ́, ọgbà ìgbafẹ́ ni: ọ̀rọ̀ kan tó gba oṣù kan àtààbọ̀ lọ́wọ́ mi

₦30,000 ni mo fi tẹ ìwé ìbéèrè 200, láti inú àpò ara mi, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣòfò. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ilẹ̀ kan wà létí odò ládùúgbò wa n'Íbàdàn tí a ti sọ di ààtàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù gbà pé ká kó pàǹtí ibẹ̀ kúrò, kí ọmọdé àti àgbà máa gbatẹ́gùn níbẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n lọ gbọ́ ohun tí ará àdúgbò fẹ́. Mo kọ ìwé, mo pín in lójúlé dé ojúlé. Ìyẹn ò le.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè ìwé ló pa mí lára: "Irú páàkì wo lẹ fẹ́?" Òdòdó àti bẹ́ǹṣì ló wà lọ́kàn tèmi. Àmọ́ ta ló máa gbọ́ páàkì n'Íbàdàn tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí gáréèjì? Kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, ìròyìn ti gba àdúgbò kan pé a ti ta ilẹ̀ fún àwọn onímọ́tò. Ìyá ẹlẹ́kọ kan dá ìwé náà padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn agbèrò lẹ fẹ́ kó wá bá àwa tá a lọ́mọbìnrin nílé?"

Ìwé 63 ló padà. "A ò fẹ́" ló wà lára èyí tó pọ̀ jù. Alága ní kí n pa á tì, mo bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Bí mo bá ní "ọgbà ìgbafẹ́ bíi ti Àgódì", ojú wọn á là, wọ́n á tún wá béèrè iye tí wọn ó máa san lẹ́nu géètì, torí owó la fi ń wọ Àgódì. Mo ní kò ní sí géètì rárá.

Nígbà tó yá, mo pa ìwé tì. Mo ra okùn, mo gé èèkàn, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá bá mi lórí ilẹ̀ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ayálégbé pẹ̀lú. Wọn kì í wọ ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa ṣeré níbẹ̀. Mo fi eérú la ilẹ̀: ibi ìjókòó rèé, ibi jáńgílófà rèé.

Ìyá ẹlẹ́kọ ọjọ́sí wá. Ó wò ó títí, ó rìn lọ sídìí igi odán kan, ó gbé ọwọ́ lé ara igi náà níbi tó ṣe déédéé àyà rẹ̀. "Ibí lomi dé." Omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ló ń sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ibẹ̀, n kò mọ̀. Ibi tí mo yà fún àwọn ọmọdé gan-an lomi gbà kọjá! Ó fa èèkàn náà tu fúnra rẹ̀, ó lọ rì í mọ́ òkè, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níbi tí ojú àgbà á ti máa tó wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn èèyàn kí ẹ tó tẹ ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì fẹ́ lò, ẹ sọ ọ́ sétí ìyá ọlọ́jà méjì mẹ́ta ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa pè é.

Àwòrán bí ọgbà náà ṣe máa rí ti wà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ báyìí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni jáńgílófà wà nínú rẹ̀.