Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Aṣòfin Alátakò Yín Ń Sọ Gan-an Lórí Ọsibítù, Káńsù Àti Owó Ìlú

Fídíò kan ni wọ́n jù sórí WhatsApp ìjọ wa lọ́jọ́ kan, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò kan dìde ní Westminster, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin UK, ó ń nàka, ó ń pariwo pé àwọn èèyàn àdúgbò òun ò rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, mọ́, kíá làwọn ará wa ti ń to àtẹ́wọ́ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé "ẹni tó ń ṣojú wa gan-an nìyí". Inú bọ́ọ̀sì lèmi wà, gosiló ti há wa mọ́ ojú kan, ni mo bá ní kí n lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Mínísítà ní kó kọ lẹ́tà sóun. Ó jókòó. Mo wá yẹ gbogbo ohun tó sọ lẹ́yìn ìgbà yẹn wò, oṣù mẹ́jọ gbáko, kò dárúkọ GP mọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Kò ṣòro láti mọ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀, fóònù ọwọ́ yín ti tó.

Ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ká má baà máa sin ẹni tí ò jẹ wá lówó. Nínú òfin Commons, ìyẹn ilé táwọn aṣòfin tá a dìbò yàn ń jókòó sí, mínísítà nìkan ló lè ní kí ìjọba náwó sí nǹkan. Aṣòfin alátakò, bó ti wù kó gbóná tó, kò lè fi pọ́n-ùn kan kún owó ọsibítù yín, kọ́kọ́rọ́ àpótí ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá wá tẹ páḿfúlẹ́ẹ̀tì jáde pé òun "mú owó wá" fún àdúgbò, ẹ bi í pé láti ibo. Ohun tó ní ò ju mẹ́ta lọ: ẹnu ẹ̀, bíírò ẹ̀, àti ìbò ẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lẹ máa lọ wò.

Ẹ ṣí TheyWorkForYou, ẹ tẹ postcode yín sí i, orúkọ aṣòfin yín á jáde. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní mySociety ló ń ṣe é, kì í ṣe ìjọba. Tó bá jẹ́ ti ilé aṣòfin fúnra ẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ lọ sí members.parliament.uk, ojú ewé wà níbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin 650, ẹ máa rí ohun tó fẹnu sọ, ìbéèrè tó kọ, bó ṣe dìbò. Inú Hansard ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ti ń wá, ìyẹn ìwé tí ilé ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí lójoojúmọ́, wọ́n máa ń yọ àsọtúnsọ àti kíkólòlò kúrò ṣùgbọ́n wọn kì í yí ìtumọ̀ padà.

Ẹ má kà á láti òkè délẹ̀ o, ilẹ̀ á ṣú. Ọ̀rọ̀ lẹ máa fi wá a. Èmi máa ń tẹ orúkọ ọsibítù tàbí ojú pópó gan-an, torí tẹ́ ẹ bá tẹ "NHS" lásán, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan ló máa ya lé yín lórí. Ẹ gbìyànjú "funding", "council", "bus", "special needs", "pothole", ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ohun tẹ́ ẹ̀yin ń pè ní GP, òun lè máa pè é ní "primary care". Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ka ti mínísítà tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú, ibi tí fídíò máa ń gé kúrò nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá bi ara yín: ṣé ó dárúkọ ibì kan, ṣé ó mú iye kan wá, ṣé ó sọ ibi tí owó náà á ti wá? Ẹni tó bá kàn ní ìjọba ti ba gbogbo nǹkan jẹ́, èmi náà lè sọ ìyẹn nídìí tíì mi.

Ọjọ́ Wednesday agogo méjìlá ọ̀sán lèyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n máa ń bi Olóòtú ìjọba ní ìbéèrè. Olórí alátakò ní ìbéèrè mẹ́fà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni Kemi Badenoch tó bọ́ sípò yẹn ní oṣù kọkànlá 2024, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú, àwọn míì ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ sétí, ìyẹn kọ́ là ń sọ lónìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé eré ló pọ̀ jù nínú Wednesday yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́, ẹ lọ síbi tí kò sí kámẹ́rà.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Aṣòfin èyíkéyìí lè kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, bí àpẹẹrẹ, ẹni mélòó ló dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ ní A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì, ọsibítù báyìí lóṣù tó kọjá, mínísítà sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù torí ẹ máa rí i kedere bóyá aṣòfin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ìdáhùn kan wà tẹ́ ẹ máa pàdé títí tó máa sú yín, "the information requested is not held centrally", ìyẹn ni pé a ò kó irú ẹ̀ jọ sójú kan. Aláìnáání á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á padà wá lọ́sẹ̀ kejì, á gé ìbéèrè ẹ̀ kúrú, á béèrè ìdajì ẹ̀, á tún béèrè ìdajì tó kù. Tẹ́ ẹ bá rí ìbéèrè mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ mọ̀ pé ó ti fi eyín di nǹkan mú.

Ó wá ku ìbò. Ẹ rántí owó iná ìgbà òtútù àwọn àgbà, £200 tàbí £300. Ìparí oṣù keje 2024 ni Rachel Reeves, mínísítà ìṣúná ìgbà yẹn, kéde pé ẹni tó bá ń gba Pension Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kéré, àtàwọn owó ìrànwọ́ irú ẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà ní England àti Wales. Àǹtí mi kan tó ti lé ní àádọ́rin wà lára àwọn tí wọ́n já kúrò. Tẹ́ ẹ bá dé ilé wọn lóṣù kejìlá ọdún yẹn, búbá, kádígàn méjì lórí ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀, kẹ́tùlù nìkan ló ń gbóná nínú ilé. Ní September 10, alátakò gbé àbá wá pé kí wọ́n wọ́gi lé òfin náà, wọ́n dìbò, 348 sí 228, alátakò fìdí rẹmi. Àkọsílẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ lè lọ wo orúkọ aṣòfin yín, apá ibo ló wà, àbí kò sí níbì kankan. Ẹ má yára bú ẹni tí ò sí níbẹ̀ ṣá, ara lè má yá, ó lè wà lẹ́nu iṣẹ́ míì, Hansard kì í sọ ìdí. Wọn ò sì dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fìdí rẹmi, inú ilé, ìta ilé, àwọn àgbà fúnra wọn ń kọ lẹ́tà, nígbà tó di oṣù kẹfà 2025 ìjọba padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju £35,000 lọ́dún lọ á gbà á.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò. Ẹ yí àkọsílẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ títí ẹ máa fi kọjá July 4, 2024, ọjọ́ ìbò gbogbogbò tí Labour fi gba ìjọba lọ́wọ́ Conservative. Conservative tó ń pariwo owó káńsù lónìí, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wà lórí oyè fún ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà yẹn, kí lòun dìbò sí nígbà náà? Kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Labour náà, ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà tí wọ́n wà ní alátakò, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí. Ẹnu máa ń tutù tí èèyàn bá dórí àga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Glasgow tàbí Cardiff, ọ̀rọ̀ ọsibítù àti ilé ìwé yín kì í ṣe ti Westminster o, ilé aṣòfin Scotland àti Senedd, ìyẹn ilé aṣòfin Wales, ni kẹ́ ẹ ti wá tiyín.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá, ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ má sọ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ yín, ọmọ Commonwealth tó bá ní ìwé ìgbélùú tó péye lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò nínú ìbò gbogbogbò níbí, ìbò yín wà lára ohun tí aṣòfin ń kà. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín sókè lẹ́tà, torí wọn kì í dá ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò wọn lóhùn. Ẹ kọ ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ wá béèrè nǹkan kan péré: "Mínísítà ní kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sóun, ṣé ẹ ti kọ ọ́, kí ló fèsì?"

Èmi kọ irú ẹ̀ sí ẹni inú fídíò yẹn. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni èsì dé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀ ló kọ ọ́, wọ́n ní àwọn ń wá lẹ́tà náà.