Ẹ̀yin tó ń lọ sí Ìlú Ọba, ẹ tètè wọ ìlà ìdánwò ọkọ̀

Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní ọkọ̀ ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta níbí. Ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ ni mo ti máa ń kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jáde láàárọ̀. Nígbà kan, àwọn tó fẹ́ fi Micra ṣe takisí ló ń wá bá mi, àti àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò fún. Nísinsìnyí, àwọn nọ́ọ̀sì láti Ìdí-Abà, àwọn ọmọ FUNAAB tó ń lọ ṣe másítà àti àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló pọ̀ jù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mi: "Àǹtí, ṣé ìdánwò ọkọ̀ wọn le?" Ó le díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí ọjọ́ tí wọ́n máa dán yín wò gan-an ni ogun.

Kí Kòrónà tó dé, ní oṣù kejì ọdún 2020, bí ọ̀sẹ̀ 5 ni èèyàn fi ń dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó ti di ọ̀sẹ̀ 22. Ìdánwò tó lé ní mílíọ̀nù kan ni kò wáyé nígbà tí wọ́n ti ìlú pa. Olùdánwò ò tó látìgbà náà, àwọn oníjìbìtì sì fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kó àwọn ọjọ́ ìdánwò tó wà nílẹ̀, wọ́n ń tà á lówó gegere. Kódà, ìjọba wọn ti ní kí àwọn olùdánwò 36 láti iléeṣẹ́ ológun wá máa fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ran àwọn DVSA lọ́wọ́. DVSA yìí ni iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò náà ní England, Scotland àti Wales. (Ẹni tó bá ń lọ sí Belfast, iléeṣẹ́ tiwọn yàtọ̀, ohun tí mò ń sọ níbí kọ́ ni kó tẹ̀ lé.)

Kẹ́ ẹ tó wọ bàálù

Ẹ gba káàdì láísẹ́ǹsì Nàìjíríà yín sọ́wọ́. Káàdì gan-an ni mo wí, kì í ṣe bébà fìdíhẹ ọlọ́gọ́ta ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún yín tí wọ́n bá ti ya fọ́tò yín tán. Ẹ yí i wò, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Tí kò bá ní gbé yín kọjá ọdún kan sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa débẹ̀, ẹ tún un ṣe nílé níbí.

Ìdí rèé. Òfin wọn fàyè gbà yín láti fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá wa mọ́tò kékeré fún oṣù 12 gbáko, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti di olùgbé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti South Africa tàbí Zimbabwe wá lè kàn fi tirẹ̀ pààrọ̀ tiwọn. Tiwa ò sí lára àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀, nítorí náà ìdánwò di dandan, kódà kó jẹ́ pé ẹ ti ń wa tírélà láti Lafẹ́ńwá lọ sí Kánò látọdún gbọọrọ. Ìwé International Permit táwọn kan sì ń rà kiri kí wọ́n tó lọ, kò fi ọjọ́ kan kún oṣù 12 yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Highway Code, ìwé òfin ojú títì wọn, látibí. Ọ̀fẹ́ ni lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba wọn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní theory. £23 ni owó rẹ̀; ìbéèrè 50 ni, 43 lẹ gbọ́dọ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fídíò 14 hàn yín, kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ewu ń bọ̀. Máàkì 75 ló wà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní 44. Kò sí ti Yorùbá o, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ibi fídíò yìí ló yẹ káwọn èèyàn wa ti gbà á dáadáa, torí kò sí irú ewu tójú wa ò tíì rí lójú títì. Tí mo bá jókòó sínú kọ̀rọ̀pẹ́ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi ní Pánṣẹ́kẹ́, mo máa ń ní kó máa pè é sókè bó ṣe ń rí i: "ọlọ́kadà yẹn fẹ́ já síwájú wa", "ìyá ẹlẹ́pà yẹn fẹ́ sọdá", "ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn fẹ́ ṣí". Bí wọ́n bá ti pè é kó tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kéèyàn máa tẹ bọ́tìnnì ṣáá láìdáwọ́ dúró. Òdo ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fídíò yẹn.

Oṣù 12 yẹn ò pọ̀ rárá

Mo ti gbọ́ ohùn WhatsApp tí ẹkún wà nínú ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn á débẹ̀, á ráyè wakọ̀ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì ilé, ara á dẹ̀ ẹ́, á ní òun á ṣe ìdánwò "tí òun bá ti fìdí kalẹ̀". Kó tó mọ̀, oṣù kẹjọ ti pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ gba provisional, ìyẹn káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn: £34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £43 tó bá jẹ́ nípa ìfìwéránṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní àdírẹ́sì kẹ́ ẹ tó lè gbà á. Lẹ́yìn èyí ni theory. Ẹ ò lè gba ọjọ́ ìdánwò ojú títì láìtíì yege theory. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdúró bí oṣù márùn-ún wá bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fìdí rẹmi, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 10 gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó lè tún un ṣe, ẹ ó sì tún padà sẹ́yìn ìlà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje tó débẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ẹ̀rù kan wà tí kò yẹ kó bà yín. Àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá ti gba provisional, láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ti kú nìyẹn, wọ́n á ní láti lẹ L, àmì akẹ́kọ̀ọ́, mọ́ mọ́tò, kí ẹnì kan sì jókòó tì wọ́n. Rárá. Níwọ̀n ìgbà tí oṣù 12 ò bá tíì pé, ẹ̀tọ́ yín ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìgbà tó bá pé tẹ́ ẹ ò tíì yege ni gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀: L níwájú àti lẹ́yìn, àti ẹni tó ti pé ọdún 21, tó ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún 3, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà gbogbo. Ẹ wo ẹni tó ń ti ilé arúgbó kan lọ sí òmíràn láàárọ̀ kùtù. Ta ló máa bá a jókòó?

Bẹ́ ẹ ṣe máa gba ọjọ́, tẹ́ ẹ ó sì fà á sún mọ́tòsí

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yege theory gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sórí GOV.UK lọ gba ọjọ́ ìdánwò. Ẹ má sọ pé ẹ ò tíì mọ ọ̀nà wọn. Oṣù márùn-ún ni, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n kó tó dé. £62 ni lọ́jọ́ iṣẹ́, £75 ní ìrọ̀lẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Ìkànnì yẹn kì í fi ju ọ̀sẹ̀ 24 síwájú hàn, aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì máa ń tú ọjọ́ tuntun sílẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ láago mẹ́jọ, egungun ló máa bá.

Ẹ mú ibi ìdánwò yín pẹ̀lú ọgbọ́n. Ìlà inú ìlú ńlá sábà máa ń gùn ju ti ìlú kékeré lọ. Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ lè wakọ̀ dé láàárín wákàtí kan, tẹ́ ẹ sì lè lọ fi ẹsẹ̀ mọ òpópónà rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde òfin tuntun: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò máa gba ọjọ́ tàbí yí i padà, olùkọ́ rẹ̀ ò ní lè bá a ṣe é mọ́, kò ní lè yí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kò sì ní lè gbé e lọ sí ibi tó jìnnà sí èyí tó kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tọ́ka sí yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ má sì fi àyè méjì yẹn ṣòfò lórí fífà á láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tí ò bá jẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa yọ fún yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ní ọjọ́ kan lọ́wọ́, ẹ wá máa ṣọ́ ọjọ́ táwọn ẹlòmíràn bá dá padà. Ara ẹnì kan á ṣàìyá, ẹ̀rù á ba òmíràn, ẹnì kan á rìnrìn àjò. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tó bá fẹ́ dá ọjọ́ padà láìpàdánù owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó ku ọjọ́ iṣẹ́ 10. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 3 ni. Ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ èèyàn kì í pinnu àfi tí gbèdéke bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Torí náà, ọjọ́ tó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síwájú ni kẹ́ ẹ máa wò jù. Kẹ́ ẹ tó máa wá èyí tó sún mọ́tòsí tó bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé ẹ ti ṣetán lóòótọ́. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án nígbà ìsinmi iṣẹ́, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má kàn máa tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni ń gún ata o, torí ìkànnì náà á rò pé ẹ̀rọ ni yín, á sì tì yín síta.

Àwọn tó ń tà á ńkọ́? A mọ tọ́ọ̀tù nílé, ẹ má jẹ́ kí ti òyìnbó tàn yín jẹ nítorí pé ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwọn kan ti san tó £500 fún ọjọ́ tí ìjọba ń tà ní £62. Wọ́n á gba nọ́ńbà provisional yín àti ti theory, ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ yín. Ẹni tó bá ní i lè wọlé kó sì yí i bó ṣe wù ú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo áàpù, kó jẹ́ èyí tó kàn ń ta yín lólobó pé ọjọ́ kan ti yọ, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín lọ mú un.

Ìwàkùwà tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ ní Kútọ̀

Àwọn tó ń yege lọ́hùn-ún ò tó ìdajì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, gbogbo ìṣọ́nà aago mẹ́fà yẹn ti wọmi. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi àkókò ṣòfò lórí nǹkan kan ṣoṣo: mo máa ń fi téèpù bo hóònù. Ọmọ iṣẹ́ á wakọ̀ láti Kútọ̀ títí dé Sàpọ́n; gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá ti yọ, ọwọ́ á lọ síbẹ̀, á kan téèpù, á bojú wò mí. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Nígbà tó bá yá, á di dandan kó máa wo dígí, torí kò sí ohun mìíràn tó máa bá a gbà á sílẹ̀. Àìwo oríta dáadáa àti àìwo dígí wà lára ohun tó ń já èèyàn jù nínú ìdánwò wọn. Wọ́n gbà yín láyè tó àṣìṣe kéékèèké 15, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó bá lágbára, ó tán.

Apá òsì ni wọ́n ń rìn. Àwa náà ń rìn lápá òsì títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ẹ bi àwọn bàbá yín. Ibi tó ń dà á rú fún àwọn èèyàn wa ni roundabout: ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún lẹ máa dúró dè, òsì lẹ sì máa yà sí tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́. Ẹ gba olùkọ́ ibẹ̀ fún wákàtí mélòó kan nítorí èyí nìkan, kì í ṣe owó òfo. Ti òkè ò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò onígíà dìde ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta láìyí padà sẹ́yìn, kò sí òkè tó máa dẹ́rù bà á. Tẹ́ ẹ bá fi automatic ṣe ìdánwò, automatic nìkan ni láísẹ́ǹsì yín máa gbé.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùdánwò máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà mọ́tò kan láti mítà 20. Bẹ́ ẹ bá kùnà, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ mọ́tò. Ẹ lọ dán an wò lẹ́yìn takisí èyíkéyìí, ẹ ka ìṣísẹ̀ ńlá ogún sẹ́yìn. Tí ojú yín bá ń ṣe bàìbàì, ẹ ra awò nílé níbí.

Tí ọjọ́ tó yá bá já bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ pe olùkọ́ yín kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, torí mọ́tò rẹ̀ lè ti ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ lè lo mọ́tò ara yín, tí insurance rẹ̀ bá gbà á fún ìdánwò, tẹ́ ẹ lẹ L mọ́ ọn, tẹ́ ẹ sì fi dígí kejì sínú rẹ̀ fún olùdánwò. Káàdì provisional lẹ máa mú lọ. Fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù ò ṣiṣẹ́. Wọ́n á dá yín padà, owó yín á sì bá a lọ.